Sourou-Migan Apithy: Aṣòfin Àjàṣẹ́ àti Ìtàn Ìbò Tó Gbé E Ga

Díẹ̀ ni àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tí ìtàn ìbò wọn gùn tó ti Sourou-Migan Apithy. Láti ọdún 1945 títí di ọdún 1958, òun ni ó ń jókòó ní ilé aṣòfin ní Paríìsì ní orúkọ Dàhòmì, ilẹ̀ tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn èyí ó ṣe olórí ìjọba, ó ṣe igbákejì ààrẹ, ó ṣe ààrẹ, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ṣàkóso orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 1970. Síbẹ̀, nígbà tí ológun gba ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, ipò tí ó ń retí kò tíì kàn án, kò sì kàn án mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀pọ̀ àgbà ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, ní Pobè àti ní Kétu ni ó máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ọ̀tá ló ṣe é. Àwọn mìíràn a ní ìwà ọkùnrin náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ ìtàn ìbò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí i pé ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka ìbò, àti bí wọ́n ṣe ń pín àga lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á tán, ni ó gbé Apithy ga. Ọ̀nà kan náà ni ó sì sọ ọ́ kalẹ̀, tó sì fi ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ìlú tó yẹ kó jọ jókòó.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1913 ni wọ́n bí Apithy ní Àjàṣẹ́, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Ọba Tòfá wàjà. Ìlú tí wọ́n bí i sí kì í ṣe ìlú èdè kan. Gùn ni èdè ààfin, ṣùgbọ́n Yorùbá wà nínú ìlú láti ìgbà pípẹ́. Àwọn oníṣòwò, àwọn Mùsùlùmí, àti àwọn Àgùdà tí bàbá wọn ti Brazil padà wá, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń gbé e. Apithy fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gùn, àmọ́ orúkọ rẹ̀, Sourou, kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá: sùúrù ni.

Ọwọ́ àwọn àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni ó ti kàwé. Nínú wọn, Francis Aupiais ni orúkọ rẹ̀ kò ṣe é yà kúrò lára ti Apithy. Aupiais ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Àjàṣẹ́. Ó kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní ìwé, ó sì fi ọ̀wọ̀ kọ àṣà wọn sílẹ̀ ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò ka irú rẹ̀ sí nǹkan. Nígbà tó ṣe, Apithy kọjá sí ilẹ̀ Faransé, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣèlú ní Paríìsì, ó sì di olùṣírò owó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, tí ìjọba Faransé ń wá bí àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso yóò ṣe ní aṣojú, wọ́n pe òun àti Léopold Sédar Senghor ti Senegal sínú ìgbìmọ̀ tí Gaston Monnerville ṣe olórí rẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí Apithy ṣe wọ inú ìṣèlú nìyẹn, nígbà tó pé ọmọ ọdún 32.

Ìbò ọdún 1945 àti ọdún 1946

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1945, wọ́n dìbò fún ilé aṣòfin tí yóò kọ òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ tuntun fún Faransé. Dàhòmì àti Tógò papọ̀ jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo. Wọ́n pín àwọn olùdìbò sí ọ̀nà méjì: àwọn tí òfin kà sí ọmọ Faransé ní àpótí tiwọn, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní tiwọn. Aupiais ni ó wọlé ní apá àkọ́kọ́, Apithy wọlé ní apá kejì. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìlú kan náà ni wọ́n fẹ́ jọ rìn lọ sí Paríìsì. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí ni Aupiais kú, ó sì ku Apithy nìkan.

Àwọn tó dìbò fún un kò pọ̀. Olùkọ́, akọ̀wé ìjọba, olóyè, ẹni tó ti ṣe ológun, àti irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni òfin fún ní ẹ̀tọ́. Àgbẹ̀ Pobè tó ń san owó orí kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá aláṣọ tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́ kò sí nínú wọn. Síbẹ̀, ohun tí àwọn aṣòfin Áfíríkà díẹ̀ náà ṣe ní ọdún kan péré kan gbogbo ènìyàn. Òfin ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946, tí à ń fi orúkọ Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire pè, fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Òfin ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, tí à ń fi orúkọ Lamine Guèye ti Senegal pè, sọ gbogbo ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí di ọmọ ìlú níwájú òfin Faransé. Ní agbègbè Kétu, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti sá kọjá sí apá Nàìjíríà nítorí iṣẹ́ àfipáṣe àti owó orí, kò sí ẹni tó nílò àlàyé gígùn kó tó mọ ohun tí òfin àkọ́kọ́ yẹn túmọ̀ sí.

Apithy tún wọlé ní oṣù kẹfà ọdún 1946, ó sì tún wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún náà fún ilé aṣòfin ti Ìjọba Olómìnira Kẹrin. Nígbà ìkẹyìn yìí, Tógò ti ní aṣòfin tirẹ̀, Dàhòmì sì ní ẹyọ kan ṣoṣo: Apithy ni. Ní oṣù kẹwàá, ó ti lọ sí Bamako, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ńlá RDA sílẹ̀, tí Houphouët-Boigny jẹ́ olórí rẹ̀. Apithy sì wà lára àwọn igbákejì olórí. Nílé, ẹgbẹ́ tó dúró lé lórí ni Union Progressiste Dahoméenne, tí wọ́n ń gé kúrú sí UPD. Ìgbà yẹn nìkan ni ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà jọ, láìka ibi tí kálukú ti wá sí.

Ó kúrò nínú RDA ní ọdún 1948. Ẹgbẹ́ náà bá àwọn Kọ́múníìsì Faransé rìn ní ilé aṣòfin, àwọn àlùfáà Kátólíìkì kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ilé ìwé ìjọ tọ́, tí àlùfáà sì mú wọ ìṣèlú, kò lè pa ohùn wọn tì.

Àga di méjì, ẹgbẹ́ pín

Ní ọdún 1951, ìjọba Faransé fún Dàhòmì ní àga kejì. Òfin ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún náà sì sọ àwọn olùdìbò di púpọ̀: ó fún olórí ìdílé ní ẹ̀tọ́ àti dìbò, ó sì fún ìyá tó ní ọmọ méjì. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ohun ayọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò wà ní ipò àkọ́kọ́ nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́, ta ni yóò sì wà ní ipò kejì? UPD kò rí ìdáhùn tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Apithy jáde, ó gbé ìwé orúkọ tirẹ̀ kalẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ PRD sílẹ̀, èyíinì ni Parti Républicain du Dahomey. UPD fa Émile Derlin Zinsou kalẹ̀. Ní àríwá, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Hubert Maga kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ lábẹ́ ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò fi ohunkóhun pamọ́: Groupement Ethnique du Nord, ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀yà àríwá.

Apithy wọlé, Maga wọlé. UPD, ẹgbẹ́ tó fẹ́ jẹ́ ti gbogbo ilẹ̀, kò rí àga kankan mú.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn olóṣèlú rí kọ́ nínú ìbò yìí kò bọ́ lọ́wọ́ wọn fún ogún ọdún: ẹni tó bá fẹ́ dájú pé òun yóò wọlé, kí ó lọ di ilé ara rẹ̀ mú ṣinṣin. Nígbà tí wọ́n tún dìbò ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1956, Apithy àti Maga náà ni wọ́n tún wọlé. Ní ọdún 1955, Justin Ahomadégbé, tó jẹ́ ọmọ ilé ọba Àgbómẹ̀, ti dá ẹgbẹ́ UDD sílẹ̀, ó sì so ó mọ́ RDA. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ Dàhòmì ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn mọ̀: Apithy ní gúúsù ìlà-oòrùn, Ahomadégbé ní Àgbómẹ̀ àti àárín gúúsù, Maga ní àríwá.

Ìpín yìí bá ààlà àwọn ìjọba àtijọ́ lọ, èyí kò sì ṣe é gbójú fò. Ogun Dàhòmì ti kó Kétu ní ọdún 1886, wọ́n sun ìlú náà, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ó sì di ahoro títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Àgbómẹ̀. Ní ọdún 1956, àwọn àgbà ṣì wà ní Kétu tí òbí wọn fi ojú rí ogun náà. Irú ìrántí bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kó rọrùn fún ẹgbẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Àgbómẹ̀ láti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Aṣòfin Àjàṣẹ́, ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ọmọ Kétu, ṣùgbọ́n kò sí gbèsè ogun láàárín òun àti wọn.

Síbẹ̀, kò ní tọ̀nà láti sọ pé gbogbo Yorùbá ilẹ̀ náà wà lẹ́yìn ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà, Kétu, Pobè àti Sakété bọ́ sí Ouémé, tí Àjàṣẹ́ jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ṣábẹ bọ́ sí Zou, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Àgbómẹ̀. Báyìí ni àwọn ọmọ Odùduwà méjì ṣe wà lábẹ́ òjìji ìlú méjì tí kì í ṣe tiwọn. Nínú ìpín ọ̀nà mẹ́ta náà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti Kétu tàbí ti Ṣábẹ gan-an.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1959

Òfin ọdún 1956 tí à ń pè ní Loi-cadre fún gbogbo àgbàlagbà ní ẹ̀tọ́ ìbò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ní oṣù kẹta ọdún 1957, PRD gba èyí tó pọ̀ jù nínú àga 60 ti ilé aṣòfin Dàhòmì, Apithy sì di igbákejì alága ìgbìmọ̀ ìjọba lábẹ́ gómìnà Faransé, lẹ́yìn náà ó di alága. Nígbà tí wọ́n kéde Dàhòmì ní orílẹ̀-èdè olómìnira nínú àjọ Faransé ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1958, òun ni olórí ìjọba. Ní oṣù kìíní ọdún 1959, àwọn aṣojú Dàhòmì fọwọ́ sí i ní Dakar pé wọn yóò wọ inú àjọṣe Mali pẹ̀lú Senegal àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Láìpẹ́ Apithy fà sẹ́yìn, Dàhòmì sì dá dúró.

Ìbò tó tẹ̀ lé e ni ó yẹ kí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan mọ̀ dáadáa. Àga 70 ni wọ́n fẹ́ pín. Wọ́n gé ilẹ̀ náà sí ẹkùn ìdìbò, wọ́n sì fi lélẹ̀ pé ìwé orúkọ tó bá mókè ní ẹkùn kan, ìbáà jẹ́ ìbò kan ṣoṣo ló fi lé, ni yóò kó gbogbo àga ẹkùn náà. Nígbà tí wọ́n kà á tán, UDD ti Ahomadégbé ní ìbò 172,179, PRD ti Apithy ní 144,038, RDD ti Maga sì ní 62,132. Àga tí wọ́n pín fún wọn ńkọ́? PRD gba 37, RDD gba 22, UDD gba 11.

Kí ẹni tó bá mọ ìṣirò jókòó tì í. UDD fi ìbò tó lé ní 15,000 ra àga kọ̀ọ̀kan. PRD kò ná tó 4,000 lórí ọ̀kan. RDD kò ná tó 3,000. Ẹni tó ní ìbò jù lọ ni ó kẹ́yìn nínú àga. Ìjọba Apithy ni ó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n ṣètò ìbò náà, àwọn alátakò rẹ̀ sì sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ti gé ẹkùn bí wọ́n ṣe fẹ́. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìdúnàádúrà, PRD fi àga 9 sílẹ̀ fún UDD. Ó wá di 28 fún PRD, 22 fún RDD àti 20 fún UDD.

Kò sí ẹgbẹ́ tó lè dá ìjọba ṣe mọ́. Apithy kò gbà fún Ahomadégbé, Ahomadégbé kò gbà fún Apithy. Ohun tí ẹni méjì ń jà lé lórí bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kẹta: ní oṣù karùn-ún ọdún 1959, Maga, tí ìbò rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwọn mẹ́ta, di olórí ìjọba. Òun náà ni ó kéde òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Apithy, tó ti ń ṣojú ilẹ̀ náà láti ọdún 1945, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ka ìwé náà.

Ẹni tó borí kó gbogbo rẹ̀

Ó yẹ kí ìyà ọdún 1959 kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kejìlá ọdún 1960, òfin tó le jù ti àtẹ̀yìnwá lọ ni wọ́n lò. Gbogbo orílẹ̀-èdè di ẹkùn ìdìbò kan; ìwé orúkọ tó bá borí ni yóò kó gbogbo àga 60. Apithy àti Maga ti pa ẹgbẹ́ wọn pọ̀ di PDU, Maga fún ipò ààrẹ, Apithy fún igbákejì. Wọ́n gba nǹkan bí 69 nínú ìbò 100. Nínú ọmọ ìlú 10 tó dìbò, mẹ́ta dìbò fún UDD, wọn kò sì ní aṣòfin kan ṣoṣo tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n tú UDD ká, wọ́n sì ti Ahomadégbé mọ́lé ní ọdún 1961.

Apithy jàǹfààní nínú òfin yìí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún jìyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí kò sí alátakò mọ́ nínú ilé, kò sí ohun tí Maga tún nílò Apithy fún. Igbákejì ààrẹ di ẹni tí wọ́n rán lọ ṣe aṣojú ìjọba ní Paríìsì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, àwọn òṣìṣẹ́ àti ará ìlú tú sí títì, Ọ̀gágun Christophe Soglo sì gba ìjọba lọ́wọ́ Maga.

Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ tuntun jáde ní oṣù kìíní ọdún 1964. Ìgbà yìí ni Apithy di ààrẹ, Ahomadégbé sì di igbákejì rẹ̀ àti olórí ìjọba. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìbò ọjọ́ 19 oṣù kìíní. Àga 42 ni wọ́n dìbò sí, kò sì sí ẹni tó bá wọn dù ú. Àwọn ará àríwá tó fẹ́ràn Maga ni ó kàn láti wà níta. Ọ̀tá àná méjì jókòó sórí àga kan náà, òfin kò sì sọ ẹni tó ni apá ọ̀tún rẹ̀. Ní ọdún 1965, wọ́n jà lórí ẹni tí yóò ṣe olórí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ìjà náà sì dá iṣẹ́ ìjọba dúró. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá, Soglo mú kí àwọn méjèèjì kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ipò kẹta tí kò kàn án

Ìjọba ológun kan lé òmíràn lọ. Nígbà tí àwọn ológun ṣètò ìbò ààrẹ ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, wọ́n ní kí àwọn àgbà òṣèlú má ṣe dù ú. Apithy, Maga àti Ahomadégbé ní kí àwọn ènìyàn wọn jókòó sílé. Èyí tó dìbò kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta; wọ́n fagi lé e. Àwọn mẹ́ta tí kò lè jọ ṣe ìjọba lè jọ dá ìjọba dúró.

Nínú oṣù kẹta ọdún 1970, wọ́n tún gbìyànjú, ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Kálukú sì borí nílé ara rẹ̀. Kí Atacora ní àríwá tó dìbò ni àwọn ológun dá a dúró nítorí ìwà ipá, wọ́n sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn Maga halẹ̀ pé àríwá yóò ya kúrò. Apithy náà fèsì tirẹ̀: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò ní kí agbègbè Àjàṣẹ́ lọ dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo létí Yorùbá. Láti ìgbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ààlà ní ọdún 1889 ni ìdílé kan náà ti ń gbé ní apá méjèèjì, tí ará Kétu ń lọ ṣọdún ní Ìmẹ̀kọ tí kò sì ka ara rẹ̀ sí àlejò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an ni ogun Bìáfírà parí ní Nàìjíríà. Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n sọ fún un ohun tí ìyapa ń ná ìlú. Ìhalẹ̀ náà kò di ìṣe, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1970, wọ́n rí ojútùú kan: ìgbìmọ̀ ààrẹ ẹlẹ́ni mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe olórí fún ọdún méjì. Maga ni àkọ́kọ́, Ahomadégbé ni ìkejì, Apithy ni ìkẹta, tí tirẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974. Maga ṣe ọdún méjì rẹ̀ pé, ó sì gbé e fún Ahomadégbé. Oṣù márùn-ún àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, Mathieu Kérékou àti àwọn ológun rẹ̀ gba ìjọba. Wọ́n fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àhámọ́, wọn kò sì tú wọn sílẹ̀ títí di ọdún 1981. Apithy lọ sí Paríìsì, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1989. Ní oṣù kejì ọdún 1990, nígbà tí wọ́n pe àpérò gbogbogbò orílẹ̀-èdè ní Kútọnu, Maga, Ahomadégbé àti Zinsou wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí Apithy ti lọ.

Ohun tí ilé ọba mọ̀

Ojú ẹni tó mọ ìṣe Kétu kò ní ṣàì rí i pé ìgbìmọ̀ ọdún 1970 fi ara jọ ohun kan tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. Ní Kétu, ilé ọba márùn-ún ni oyè Alákétu ń yí ká. Ilé tí kò kàn kì í lọ gbé idà. Ó mọ̀ pé bí ó pẹ́ bí ó yá, yóò kàn án, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ ẹ́ bí àwọn bàbá wọn kò bá tilẹ̀ rí i. Sùúrù bẹ́ẹ̀ kò wá láti inú ìwà rere nìkan. Ìlú ni ó ni oyè, afọbajẹ ni ó ń ṣọ́ ọ, ilé tó wà lórí oyè kò sì lè yí ètò padà láti fi àwọn yòókù sẹ́yìn títí láé.

Ìpín ọdún 1970 kò ní irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n pín in láàárín ara wọn lẹ́yìn tí ìbò ti bàjẹ́. Ará ìlú kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀, kò sì dìde gbà á là nígbà tí ológun dé. Ohun tó yẹ kí wọ́n pín nínú kíka ìbò láti ọdún 1951, ni wọ́n ń gbìyànjú láti fi àdéhùn pín nígbà tí ọjọ́ ti lọ. Bí ìbò 172,179 bá ti rí àga tó tọ́ sí i ní ọdún 1959, ó ṣeé ṣe kí Apithy di olórí alátakò ní ọdún náà, ipò tí kò dùn, ṣùgbọ́n tí ènìyàn lè ti inú rẹ̀ padà wá.

Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 àti ìbò aṣòfin tó tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún 1991 gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n pín àga 64 bí ìbò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti pọ̀ tó. Láti ọdún 1999, Kétu, Pobè àti Sakété ti wà nínú ìpínlẹ̀ tiwọn, Plateau, bẹ́ẹ̀ ni Ṣábẹ wà ní Collines. Àwọn ìlú wọ̀nyí kò tún fi orúkọ ìlú mìíràn dìbò mọ́. Ṣùgbọ́n òfin ìbò jẹ́ ohun tí ilé aṣòfin kọ̀ọ̀kan lè tún kọ, wọ́n sì ti tún un kọ ju ìgbà kan lọ láti ìgbà náà. Nínú ìbò ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ni ó kó gbogbo àga 83.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn Apithy fún àwọn ọmọ ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu, ó yẹ kí wọ́n fi òfin ìbò kún un. Kí wọ́n sọ fún wọn pé ọmọ ìlú wọn gbọ́n, ó kàwé, ó sì ṣojú ilẹ̀ wọn nígbà tí iṣẹ́ àfipáṣe di ohun ìgbàgbé. Kí wọ́n sì sọ fún wọn pé ẹẹ̀mejì ni ó kó àga tí ìbò rẹ̀ kò tó láti kó, tí ara ilé rẹ̀ sì yọ̀ fún un, nítorí pé ẹni tiwọn ni. Ẹni tó bá ń ka òfin ìbò tuntun, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí òfin náà fi ẹni tó bá pàdánù sí, nítorí kò sí ilé tí kò ní í kàn.